Àtẹ Orúkọ tí Mahmud Ṣe fún Ìyá Rẹ̀

Ní ọjà Ipata, lọ́sàn-án gangan, Mahmud gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí àpò ọkà bàbà ìyá rẹ̀, ó ní kí gbogbo ẹni tó ń kọjá wá kàwé. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró.

"Alfa, kí lẹ̀ ń tà?"

"Mi ò ta nǹkan kan. Ṣé ẹ rí orúkọ tó wà níbẹ̀?"

"Oòrùn nìkan ni mo rí."

Mahmud yí àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà padà, ó tún ní kó wò ó. Wọ́n ṣe é títí àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ fi bínú bọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ni Mahmud ń ṣe ní Táíwò Road. Mọ́sáláṣí kan ní àdúgbò Ṣàngó ló gbéṣẹ́ fún un. Orúkọ àwọn tó kú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú dátábéèsì, àkójọ orúkọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kó fi PHP, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ kóòdù tí yóò máa kó wọn jáde sórí àtẹ kan lójú fóònù ní gbogbo Jímọ̀, kí àwọn èèyàn lè ṣàdúà fún wọn. Kíkó jáde ò gbà ju àárọ̀ kan lọ. Àwọ̀ àtẹ àti ìtóbi lẹ́tà ló gba oṣù mẹ́ta.

Orí akọ̀wé mọ́sáláṣí, Alhaji Shehu, fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú.

"Dúdú lórí yẹ́lò! Ṣé Márúwá lo ń kùn ni? Orúkọ mẹ́ta péré ti kún fóònù!"

"Ìyá mi ló máa kà á, Alhaji. Tó bá jẹ́ ohun tó rẹwà lẹ̀ ń wá, kápẹ́ẹ̀tì wà lọ́jà."

Ojú ìyá Mahmud, Ummu-Kulthum, ti ń ṣe bàìbàì. Ní gbogbo Jímọ̀ ló ń bẹ èèyàn pé kó bá òun ka orúkọ àwọn òkú, àwọn aládùúgbò sì ti ń sá fún un. Ó dun Mahmud wọra.

"Màmá, ojú ara yín lẹ óò fi kà á."

Ìyá á wò ó, á ní, "Ó ku díẹ̀, ọmọ mi."

Ọjọ́ Ajé ni Mahmud tún àtẹ náà ṣe kẹ́yìn. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ibà gbé e dè. Ọjọ́bọ̀ la kírun òkú sí i lára. Àwa ará ọjà tí a ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, a sunkún bí ọmọdé. Ó dùn wá, a ò ní purọ́. Alhaji Shehu fúnra rẹ̀ ló tẹ orúkọ Mahmud sínú dátábéèsì.

Jímọ̀ dé. Rokibat, ìyàwó Mahmud, di fóònù mú.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Gbé e wá."

Ìyá gbé e sún mọ́ ojú, ó sún un sẹ́yìn díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́jẹ́, òun nìkan. Ó dé orí orúkọ kẹrin, ó dúró síbẹ̀.

"Ṣé ẹ ò rí i ni, Màmá?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú fóònù, ó tún wò ó.

"Mo rí i," ló wí. "Mahmud, mo rí i dáadáa."