Ohùn Ta Ló Pè É?

Nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ni èmi àti Auntie tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń tẹ̀ sí fáìlì aláìsàn ní ọsibítù kan ní Scarborough, nílùú òyìnbó. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹnìkan wà nínú kómà, ìdákú tí kì í jí bọ̀rọ̀, pé wọ́n pè é, kò dáhùn, Auntie á fi ìka lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì: "Ohùn ta ló pè é?" Inú á bí mi. Kí ló kan ohùn?

Lóṣù tó kọjá, Auntie fúnra wọn dákú, wọ́n sì gbé wọn wá sí ọsibítù wa. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ wọn ṣákálá, bí ẹni ń pe ọmọdé. Wọn ò dáhùn. Mo kúnlẹ̀: "Auntie mi, ẹ káàsán mà." Ìka wọn lu bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì ní iṣan lásán ló fà. Bóyá ni. Mi ò mọ̀.

Fáìlì wọn ti wà níwájú mi látàárọ̀: "Kómà. Wọ́n pè é, kò dáhùn." Mi ò tíì tẹ nọ́ńbà kankan.