Afárá Tí Lájídé Kọ́kọ́ Jẹ

Ní Odo-Ape, bí ikọ́ bá mú ọmọ, ilé Lájídé ni wọ́n ń gbà lọ kí wọ́n tó rántí ọsíbítù. Oyin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ń gbé ìkòkò sórí igi kí kòkòrò oyin lè wọ̀ ọ́, ara rẹ̀ sì ti gba oró débi pé bí wọ́n bá ta á, ńṣe ló máa ń bú wọn bí ẹni ń bá ọmọ ilé wí. Fún ikọ́, kì í fúnni ní oyin lásán. Afárá tó pọ́n rúsúrúsú, tí àwọn kòkòrò náà ti di lẹ́búlẹ́bú òdòdó sí, ló máa ń gé. Òfin ilé bàbá rẹ̀ sì ni pé ẹni tó fẹ́ fúnni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, kí aláìsàn fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí ibi nínú rẹ̀.

Lọ́dún kẹta tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe títì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se ọ̀dà kalẹ̀ lẹ́yìn oko máńgòrò. Inú ìlú dùn, títì dé! Èéfín dúdú ń ta wọ́n nímú láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n máńgòrò tanná bó ṣe máa ń tanná lásìkò ọyẹ́, kòkòrò oyin sì ń kó lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wálé. Ta ni yóò fura?

Títílọpẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà tí Priscilla ọmọ Lájídé bí, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ń mí bí ẹni pé fèrè há sí i lọ́fun. Lájídé gé afárá, ó jẹ, kò ṣe é ní nǹkan kan, ó fún ọmọ náà. Ikọ́ le sí i. Bàbá fi kún un. Ikọ́ tún le sí i, ó tún fi kún un. Àbí ojú ń fọ́ ọ ni, Lájídé? Ìfẹ́ ọmọ-ọmọ ló dí i lójú, àti ìgbéraga díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bí ọmọ ṣe gbé e mì tán, ètè rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, èémí há. Priscilla gbá a mọ́ra, ó fò sórí ọ̀kadà, ó di ọsíbítù Kàbà.

Ọjọ́ kejì ni Lájídé dé ọsíbítù, ó wé afárá tútù sínú ewé lọ́wọ́. Isaiah, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọ náà, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kí i.

"Bàbá, okun o. Ọmọ ti ń mí. Kí lẹ fún un jẹ?"

"Ohun tí mo fún ìyá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé ni. Èmi gan-an kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Isaiah wo afárá inú ewé náà, ó mi orí. "Òdòdó lè rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, Bàbá, kí èéfín àwọn tó ń ṣe títì sì ti yí ohun tó wà nínú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ padà. Ara tiyín gbà á. Ara ọmọ yìí ń bá a jà, ìjà yẹn ló sì ń dí i lọ́fun. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá tún kàn án, ẹ̀rù ń bà mí."

Lájídé wo ara rẹ̀. Aṣọ tó fi gun igi láàárọ̀ náà ló wà lọ́rùn rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rúsúrúsú kún apá àti àyà rẹ̀. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ó sọ ewé náà nù, kò wọlé mọ́, ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kó lè rí ọmọ lókèèrè.

Títílọpẹ́ rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró kí bàbá àgbà kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀. Ìgbà náà ni Lájídé mọ̀ pé láti ẹ̀yìn òun ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ lẹ́búlẹ́bú aṣọ òun wọnú yàrá.