Páálí Tí Wọn Kò Ṣí

Ní Computer Village, ọjà àwọn onífóònù, àlejò ni wọ́n máa ń ṣí páálí fún. Ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni ọlọ́jà á ya ọ̀rá ara páálí fún, á gbé fóònù jáde níwájú rẹ̀, kó má baà padà wá sọ pé ọṣẹ ìfọṣọ lòun bá nínú rẹ̀. Ẹni tiwọn kì í béèrè pé kí wọ́n ṣí i. Alhaji, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta fóònù, tó sì ń tún un ṣe ní òpópónà Òtìgbà nínú ọjà náà, kò ṣí páálí fún mi rí. Á kàn sọ ọ́ sí mi lọ́wọ́ ni, á ní, "Máa lọ, ọmọ mi."

Òfo inú páálí yìí gan-an niṣẹ́ mi dá lé. Ọ́fíìsì wa wà lẹ́yìn òpópónà Allen, a sì ní ẹ́ńjìnnì kan níbẹ̀ tó ń mú áàpù àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣiṣẹ́. Nínú kóòdù, àpótí kan lè sọ pé orúkọ oníbàárà wà nínú òun, kó sì jẹ́ pé òfo ló wà níbẹ̀. Null làwọn òyìnbó ń pè é. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ní ká tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, kó máa ṣí gbogbo àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kó sì lé èyí tó bá ṣófo padà. Bí ẹyọ kan bá yọ́ wọlé, irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ ni olórí wa. Òun ló fòfin lélẹ̀ pé ẹni tó kọ kóòdù kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ìyá mi wà ní ọsibítù, mo fún Ẹ̀gbọ́n ní pásíwọọ̀dù mi kó lè bá mi parí kóòdù tó kù lọ́wọ́ mi. Ta ni ǹ bá tún fún?

Nígbà tí mo padà, ó ní iṣẹ́ ti parí. Mo lọ bẹ Alhaji pé kó jẹ́ ká ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ́ńjìnnì tuntun náà. Mo ní, "Alhaji, mo fi orúkọ mi dúró. Fóònù tí ẹ ò bá kọ orúkọ olówó rẹ̀ ò lè wọlé." Ó gbà nítorí pé èmi ni.

Ọjọ́ kan tí èrò pọ̀, ó gba fóònù méjì tó jọra, kò rántí kọ orúkọ. Ẹ́ńjìnnì wa gbà wọ́n wọlé, ó sì ka òfo méjèèjì sí ẹnì kan náà. Nígbà tí ọkùnrin kan wá gba tiẹ̀, ti opó kan ni áàpù ní kí Alhaji gbé fún un, ó sì gbé e lọ. Ohùn ọkọ obìnrin náà tó ti kú wà nínú fóònù yẹn. Opó náà pe Alhaji lólè lójú gbogbo aládùúgbò.

Mo tú kóòdù náà títí mo fi rí i. Bí àpótí bá ti wá láti inú áàpù àtijọ́, irú èyí tí Alhaji ń lò, ẹ́ńjìnnì kì í ṣí i rárá. Ìlà kan ló wà níbẹ̀ tó ń sọ pé òun ti ṣí i, ẹrù wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Orúkọ mi ló fi fọwọ́ sí i, lọ́jọ́ tí mò ń fi aṣọ tútù nu ojú ìyá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lo orúkọ mi."

Kò tilẹ̀ sẹ́. "Àwọn tó gbé iṣẹ́ wá ń kánjú. Ta ni ǹ bá lò? Ṣé kì í ṣe èmi àti ìwọ náà ni?"

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti ń pa òwe yẹn tipẹ́, mi ò mọ̀ pé àga tó kọjú sí tèmi ni aṣeni jókòó sí. Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo tún ìlà náà kọ, mo sì lọ bá Alhaji. Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe èmi ló kọ ìlà náà.

"Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

"Tèmi ni, sà."

Ó mi orí. Mo ní kó bá mi mú ṣájà kan. Ó gbé e wá nínú páálí rẹ̀. Ó ya ọ̀rá ara rẹ̀ níwájú mi, ó fa ṣájà náà yọ, ó sì nà án sí mi.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mà."