Ife Tí Bàbá Mi Fọ́

Lójú ogun Bọ́má, òùngbẹ gbẹ bàbá mi títí wọ́n fi mu omi nínú ife ọ̀gá wọn òyìnbó. Òyìnbó náà fọ́ ife ọ̀hún mọ́ òkúta lójú gbogbo ọmọ ogun, ó ní ẹnu ọ̀bọ ti kàn án.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ó wá kí bàbá mi n'Íbàdàn. Ọkọ̀ já a sílẹ̀ l'Ọjà'ba, ó fẹsẹ̀ gun òkè Màpó nínú oòrùn dé ilé wa ní Bẹẹrẹ. Bàbá ní kí n bu omi wá.

Lọ́dọ̀ wa, onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ omi àlejò wò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀. Bàbá mi kò tọ́ ọ wò lásán. Wọ́n ki ètè méjèèjì bọ inú ife, wọ́n mu ún dé ìdajì, wọ́n wá nà án sí i.

“Ọ̀gá, ẹ mu.”

Ó wo ife, ó wo ojú bàbá mi, ó mu ún tán. Inú mi dùn ṣìnkìn. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí rárá.

Bó ṣe ń jáde lọ ni Bàbá la ife náà mọ́ ògiri. Wọ́n fi èdè òyìnbó sọ fún mi, kí àlejò lè gbọ́: “Gbá a dànù. Ẹnu ọ̀bọ ti kàn án.”