Amplifáyà Bọ̀dá Mi Kò Kùn Mọ́

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òun àti òórùn ẹja yíyan tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn alábàágbé wa ní Ajégúnlẹ̀. Orí tábìlì ìjẹun Màámi ni mo tú amplifáyà gìtá bọ̀dá mi sí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, inú mi sì ń dùn, nítorí n kò tíì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ti àtijọ́ ni, onífáàfù, àwọn gílóòbù onígíláàsì tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Ẹrù ni bọ̀dá mi ń kó ní èbúté Àpápá. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, kó tó bọ́ bàtà ni yóò ti tan amplifáyà, kí fáàfù lè gbóná kó tó wẹ̀ tán. Á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùùù, títí a ò fi ní fiyè sí i mọ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa bọ̀dá mi. Amplifáyà náà kò sì pẹ́ tó fi kọṣẹ́. Màámi wá pe èmi tí mò ń fi àtúnṣe rédíò jẹun, wọ́n ní, "Bá mi tún nǹkan ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe, kí n tún máa gbọ́ ọ."

Apá tó ń fún un níná ló bàjẹ́. Tiransifọ́mà ti jó. Mo ní kí àwọn tó ń wé wáyà tiransifọ́mà wé òmíràn fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Liverpool Road, èyí tó lè fara da iná Ajégúnlẹ̀ tó máa ń lọ sókè sódò. Àwọn kapásítọ̀ tó yẹ kó máa mú iná náà lọ geere ti wú, omi ń jáde lára wọn. Àwọn ló ń fa kíkùn yẹn látọjọ́ yìí. Mo yọ wọ́n, mo fi tuntun tó lágbára jù wọ́n lọ síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ tí mo tan án, fáàfù pọ́n, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Láti ẹ̀yìn pátákó tó pín yàrá sí méjì ni Màámi ti béèrè bóyá n kò tíì tan án ni.

"Mo ti tan án, Màámi. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe dákẹ́?"

Wọ́n yọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ta okùn gìtá kan, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, àmọ́ kì í ṣe gìtá ni wọ́n ń dúró dè.

"Ariwo yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọmọ mi ti wọlé," ni wọ́n wí.

Òun ni wọ́n máa ń gbọ́ kí wọ́n tó gbé omi ẹ̀bà bọ̀dá mi kaná. Wọ́n bi mí bóyá mo lè dá a padà. Mo ní tí mo bá dá àwọn kapásítọ̀ tó ti wú yẹn padà, tiransifọ́mà tuntun náà á jó. Òótọ́ ni mo sọ.

"Pa á," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó sinmi."

N kò sunkún níbi tí a ti sin bọ̀dá mi. Ìdí tábìlì yẹn ni mo ti sunkún, tí ọkàn mi gbọgbẹ́ bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Èmi ni mo gbé omi ẹ̀bà kaná lálẹ́ ọjọ́ náà. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun tó ń kùn wá fún mi pé kí n pa á lẹ́nu mọ́, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ẹni tó ń gbọ́ ọ nílé.