Kànga Tí A Fi Sílẹ̀ Kó Sun

Bí mo bá gbọ́ tí rọ́bà ìfami já lu omi nísàlẹ̀ kànga, gbùǹ, ọkàn mi kì í dúró sílé mọ́. Lánàá, iná lọ, omi ẹ̀rọ dá, ni àwọn ọmọ aládùúgbò mi bá ṣí kànga àtijọ́ tí wọ́n ti dé pa lẹ́yìn ilé. Ìró yẹn ló bá mi níbi tí mo ti ń bá ìtàn kan jà lórí ìwé. Mo gbé bírò sílẹ̀. Ó di Ìkọ̀tún, ó di ìgbà èwe mi.

Ẹ̀yin tí tánkì dúdú wà lórí òrùlé yín ò lè mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wa gbójú lé. Ìyá Onílé ló ni í, ìdílé rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí àwa ayálégbé tó kó ẹrù wa dé. Tí a bá fà á títí tó ku ẹrẹ̀, ìyá á dé e, á sì jókòó lé ìdérí náà gẹlẹtẹ bí ọba.

"Ẹ má rú u. Omi ò mọ ìkánjú. Ẹ jẹ́ kó sun."

Orí garawa tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ la ti ń dúró, ibẹ̀ ni mo sì ti di apàlọ́. Ọ̀rẹ́ mi Sìkírá, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ni kì í jẹ́ kí n gbádùn. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Ìyẹn ò dùn! Tún un pa, jàre!" Èmi náà á sì tún un pa. Ìtàn ọmọbìnrin kan tó tẹ̀lé ìfami rẹ̀ wọnú kànga ni mo fà gùn títí ẹ̀ẹ̀rùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Sìkírá di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló máa wá fà á jáde?"

Mi ò mọ̀. Mo ní ó dọ̀la. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa, bàbá rẹ̀ ti kó wọn lọ sí apá Òkè-Odò. N ò rí i mọ́.

Mo dàgbà, mo sì fi ayé mi pàtẹ àwòrán àwọn ẹlòmíràn, mo ń wá owó ìrànwọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé, mo ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìtàn tèmi wà nísàlẹ̀ kànga. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo ní mo fẹ́ kọ ìtàn àròsọ, àbúrò mi rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sinmi ṣá! Ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ ṣáá ni mo ń fà. Mo ti ń rò ó pé ó ti pẹ́ jù, pé kànga mi ti gbẹ.

Àfi bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ilé ṣe fi igbe ta lánàá: "Mọ́mì! Omi wà níbẹ̀ o! Ó mọ́ gaara!"

Àdúgbò ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sórí garawa dúró de omi mọ́. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò, omi ò yé sun.

Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ pé okùn kan já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọmọbìnrin náà nísàlẹ̀ kànga, tí ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ sì ń pariwo látòkè pé: "Dì í mú dáadáa, jàre!"