Modeste Tó Ń Ná Rẹ́sò Bí Ẹni Ná Iṣu

Modeste kú lẹ́ẹ̀mejì. Ikú kejì ni ti Ọlọ́run, a ó dé ibẹ̀. Ikú àkọ́kọ́ jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, òun ló sì sọ ọ́ di ẹni àmúpìtàn ní Dassa, débi pé àwọn tí kò fojú kàn án rí ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Claudia, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní bùró ẹgbẹ́ ìlera kan ní Dassa, jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń wo ààmì kéékèèké mọ́kànlá lórí àwòrán ilẹ̀. Ààmì kọ̀ọ̀kan dúró fún òṣìṣẹ́ kan tó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, láti Lèma dé Akofodjoulè dé Gbaffo, tó ń yẹ aboyún wò, tó ń wọn ọmọ, tó sì ń fi tẹlifóònù jíṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ní Cotonou ti fi ètò kan sínú tẹlifóònù wọn, tí yóò máa sọ ibi tí rẹ́sò gbé dáa, ìyẹn agbára tí tẹlifóònù fi ń gbé ohùn, àti ibi tí kò gbé dáa. Ìlà mẹ́rin lójú tẹlifóònù ló kún. Níbi tó bá kún, ààmì òṣìṣẹ́ á ní àwọ̀ ewé. Níbi tó bá gbẹ, á pọ́n.

Lọ́jọ́ náà, ààmì Modeste dúró sórí òkè kan lẹ́yìn Lèma fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Claudia pè é títí, ìpè kò wọlé. Serge, ọ̀gá bùró, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta kì í dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́rin àfi tó bá ti ṣubú. Ni Roméo, awakọ̀ bùró, bá gun alùpùpù, òun àti nọ́ọ̀sì kan, wọ́n so àga ìgbé-aláìsàn mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì fẹsẹ̀ gun òkè náà títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n bá Modeste lórí àpáta, ara rẹ̀ le koko, tẹlifóònù rẹ̀ wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá kan ń kígbe sí i, ó ń bi ọmọ rẹ̀ ní Parakou bóyá gàrí ti dé ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin méje tò lẹ́yìn ìyá náà. Modeste wo Roméo, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo àga.

“Ẹ tò sẹ́yìn,” ló wí. “Ìyá oníbùbá pupa yẹn ló kàn.”

Bí ẹni náà ti rí nìyẹn. Àgbẹ̀ oníṣu ni, tínrín bí ọ̀pá ìtakùn iṣu, ọmọ Ìsàlẹ̀-Àpáta, abúlé kékeré kan tó fara ti ìdí àpáta ńlá tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tó bá ń ti òde bọ̀, orí wọn ló ń gbà kọjá. Ẹgbẹ́ ìlera gbà á síṣẹ́ nítorí ó mọ̀wé, kò sì sí ọ̀nà ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ láàárín àwọn òkè. Ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí lédè Faransé ni onírẹ̀lẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ ìrìbọmi yẹn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ètò náà sínú tẹlifóònù rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Amí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi Claudia léèrè. Ṣé Amí máa ń sùn? Ṣé ó gbọ́ Ìdáàṣà ni, àbí Faransé nìkan? Bí èèyàn bá fi í sápò, ṣé èèyàn ló ń rí ni àbí àpò? Claudia náà fẹ́ràn ìbéèrè bí ọmọdé ti fẹ́ràn àádùn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Cotonou. Cotonou ò dáhùn títí dòní.

Ohun kan wá ń ya Claudia lẹ́nu. Ní agogo méje òwúrọ̀, lójoojúmọ́ ayé, ní Lèma tó ń sùn sí lẹ́nu iṣẹ́, Modeste á pòórá lójú àwòrán fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á tún padà yọ níbi kan náà. Ó rò ó pé bóyá rẹ́sò ló ń bàjẹ́ lówùúrọ̀, ó tiẹ̀ ṣírò rẹ̀ mọ́ ìrì àti ọ̀gìnnìtìn. Nígbà tí kò yé e mọ́, ó bi í. Modeste ní ìkòkò irin lòun máa ń gbé tẹlifóònù sí, tóun á sì dé ọmọrí rẹ̀, bóun bá fẹ́ wẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọbìnrin ló ń wo Amí ní Dassa, òun kò sì ní wà níhòòhò níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ṣùgbọ́n ìnájà ni àrùn rẹ̀. Ràhímọ́tù oníṣu ní ọjà Dassa sọ fún gbogbo ayé pé bóun bá ti rí fìlà Modeste lókèèrè, òun á ti fowó lé iye iṣu kó tó dé, kí ibi tí ọ̀rọ̀ máa parí sí lè dùn ún gbọ́. Ọkùnrin tó ń ná iṣu bẹ́ẹ̀ ò lè rí ìlà mẹ́rin kó má ná an. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí Claudia bá ń kọ ìwé ọ̀sẹ̀, Modeste á pè é.

“Ìlà mélòó lo kọ fún mi ní Gbaffo?”

“Méjì, Bàbá Léa.”

“Kọ mẹ́rin.”

“Èmi kọ́ ni mò ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ ni.”

“Ó dáa, kọ mẹ́ta. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

Wọ́n á fà á bẹ́ẹ̀ títí káàdì ìpè Modeste á fi tán. Níkẹyìn ó gbà á ní méjì, ó ní nítorí ojú Claudia nìkan ni, ṣùgbọ́n kó fi ènì sí i.

Abúlé kan ṣoṣo ni kì í ná: Ìsàlẹ̀-Àpáta, abúlé ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ìlà mẹ́rin ni ibẹ̀ ń jẹ́ ní gbogbo ìgbà, àwọ̀ ewé bí oko lẹ́yìn òjò. Èyí gan-an ló wá ń jẹ Claudia lọ́kàn, nítorí Elvire, agbẹ̀bí abúlé yẹn, kò ṣeé pè rí. Báwo ni rẹ́sò ṣe kún abúlé tí ẹnikẹ́ni ò ti gbé ìpè? Claudia kì í ṣe ẹni tí nǹkan á rú lójú kó wá lọ sùn. Cotonou sì ti kọ̀wé pé antẹ́nì tuntun kan, òpó tó ń fọ́n rẹ́sò, ń bọ̀ fún agbègbè náà, kan péré, ibi tí tẹlifóònù òṣìṣẹ́ bá pọ́n fún ọjọ́ méje láìsinmi ni wọn yóò rì í sí. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí wọ́n ti ìwé náà. Claudia gun ẹ̀yìn alùpùpù Roméo, ó ní òun ń lọ wò ó.

Bí wọ́n ti wọ abúlé ni tẹlifóònù Claudia kú fin-ín. Kò sí ìlà kan. Ó bá Léa, ọmọ Modeste, níwájú ilé, ó ń bẹ iṣu, oyún oṣù márùn-ún wà níkùn rẹ̀. Elvire jókòó tì í. Elvire ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá fún Claudia. Ìrọbí mú Léa, ẹ̀jẹ̀ ń dà, Elvire sì ní láti fi í sílẹ̀ kó gun àpáta lọ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, nítorí orí àpáta nìkan ni ìpè ti ń jáde. Ìgbà tó fi gùn ún, tó fi sọ̀ ọ́, wákàtí kan ti lọ. Ọkọ̀ dé. Léa yè é, ọmọ ò yè é.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Modeste ti orí àpáta sọ̀kalẹ̀, ó ń súfèé, tẹlifóònù lọ́wọ́. Ìlà mẹ́rin.

Claudia béèrè pé kí ló ń gbé e gun òkè kó tó wọn rẹ́sò abúlé tó wà nísàlẹ̀. Modeste wò ó bí ẹni tí a kò kọ́ nílé. Ó ní ṣé bí àna bá ń bọ̀ wá wo ilé, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó wó lèèyàn ń mú wọn gbà ni? Ṣebí àga aládùúgbò lèèyàn máa ń yá kí ilé lè kún. Ó ní òun gbọ́ pé antẹ́nì ń bọ̀, òun sì ti rò ó pé ibi tó bá níyì lójú wọn ni wọn yóò gbé e wá. A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áńbọ̀sìbọ́sí ilé ìyá.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Roméo. Kò pa Claudia.

“Bàbá Léa, ibi tó pọ́n ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ ti fi àwọ̀ ewé bo Léa mọ́lẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.”

Modeste wo ọmọ rẹ̀. Léa ò gbójú sókè, iṣu ló ń bẹ. Ojú ti bàbá náà, ó dùn ún dé egungun, kò sì fi pamọ́.

“Ọjọ́ mélòó?”

“Méje. Tẹlifóònù ò sì gbọdọ̀ jáde lábúlé rárá. Á máa kọ ọ́ pamọ́ fúnra rẹ̀. Tó bá pé, ẹ gbé e wá fún mi.”

“Méje náà ni.”

Roméo ṣì ń búra títí dòní pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni Modeste ra nǹkan ní iye tí wọ́n pè é.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bùbá tó máa ń wọ̀ lọ sí Máàsì, ó dé fìlà, ó gbé àga síwájú ilé ìyá rẹ̀, ó sì fi tẹlifóònù lé orúnkún. Àwọn tó ń lọ oko béèrè bóyá ìgbéyàwó ló ń lọ. Ó ní rárá, òun ń fi òṣì wọn han Cotonou ni, òṣì kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀wù oko hàn. Ọjọ́ kìn-ín-ní pọ́n. Ọjọ́ kejì pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, atẹ́gùn kan fẹ́, ìlà kan yọ sójú tẹlifóònù. Àyà Modeste já. Ó fò dìde, ó sáré gun òkè, ó pe Claudia.

“Ìlà kan wọlé. Olè ni, kò bá wa tan. Yọ ọ́ kúrò.”

“Ìlà kan ò ṣe nǹkan kan, pupa ṣì ni. Bàbá Léa, níbo lẹ ti ń pè mí?”

Níwájú Claudia, lórí àwòrán, ààmì Modeste ti tutù yọ̀yọ̀ bí ewé gbúre, ìlà mẹ́rin.

“Yọ ìdajì,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Kò ṣeé yọ. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi jókòó síwájú ilé ìyá rẹ̀ fún ohun tó yẹ kó gba méje, Elvire ló sì ń gbé iyán wá bá a, nítorí kò tún fẹ́ kí tẹlifóònù náà ríran kọjá ìloro. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó ku wákàtí mẹ́ta kí ìwé tì, ó wọ bùró ní Dassa pẹ̀lú eruku, ó gbé tẹlifóònù lé tábìlì. Ọjọ́ méje, ó pọ́n bí epo. Serge fọwọ́ sí i, ìwé sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn èyí ni ikú ti Ọlọ́run dé. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wá láti ìdí òkè gbogbo. Ẹnìkan mú ọ̀rọ̀ àpáta àti àga ìgbé-aláìsàn jáde, ẹ̀rín sọ, katikíìsì tó ń darí àdúrà gan-an fi ìwé bojú. Lẹ́yìn náà ni ẹkún tó wá le. Nígbà tí àwọn tó ń ri antẹ́nì dé Ìsàlẹ̀-Àpáta, ilẹ̀ ibojì rẹ̀ ò tíì gbẹ tán.

Ó yẹ kí Claudia pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àwọn mọ́kànlá náà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń sọ pé òun á pa á rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbójú sókè, ó rí ààmì Modeste. Àwọ̀ ewé ni, ìlà mẹ́rin, kì í sì í ṣe orí àpáta ló wà. Inú ilé ìyá rẹ̀ ni. Ìpè kan sì ń jáde láti inú rẹ̀. Orí Claudia wú. Ó dúró kí ìpè náà parí, ó pè é.

Elvire ló gbé e. Ó ní Léa ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ tún ń dà. Ó ní tẹlifóònù Bàbá Léa tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ló wà nítòsí òun, òun tan án, òun sì ti fi pe ọkọ̀, ọkọ̀ ti ń bọ̀. “Mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,” ló wí. “Má gé e, jọ̀ọ́.”

Claudia ò gé e. Ó gbọ́ Léa tó ń kérora. Ó gbọ́ ọkọ̀ tó dúró, ẹsẹ̀ tó ń sáré, ohùn nọ́ọ̀sì. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọmọ tó ké, ọmọ náà sì ké kíkankíkan, Elvire ń sọ pé ìyá ọmọ ń béèrè omi. Claudia forí lé tábìlì, ó sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ó fa ìwé ọ̀sẹ̀ mọ́ra. Serge tó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ ka ohun tó ń kọ, ó sì béèrè ní jẹ́jẹ́ bóyá wọ́n ń kọ iṣẹ́ fún ẹni tó ti kú.

“Òun ló ṣe é,” ni Claudia wí, ó sì ń kọ ọ́ lọ: Modeste, Ìsàlẹ̀-Àpáta, inú ilé ìyá rẹ̀, ìlà mẹ́rin. Ìpè wọlé.